Ooru àti Ohun Ṣíṣàn fún Ẹni tí Kì í Ṣe Ọmọ Ẹ̀ka Mẹkáníkà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún gbogbo ènìyàn ní Ìkẹjà GRA



Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ní ọdọọdún ni mo máa ń wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún kejì láti kọ́ wọn nípa ooru àti ohun ṣíṣàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka Mẹkáníkà. Àwọn kan ń kọ́ nípa iná mànàmáná, àwọn kan nípa ọ̀nà àti afárá, àwọn kan nípa kọ̀ǹpútà. Kì í pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi na ọwọ́ sókè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni èyí fi kàn wá?" Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ìbéèrè yìí máa ń bí mi nínú. Èsì tí mo máa ń fọ̀ ni pé ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́, àti pé ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní gba oyè. Èsì ọlọ́pàá ni ìyẹn, kì í ṣe ti olùkọ́. Lónìí ni mo fẹ́ dáhùn bí ó ti yẹ kí n ti máa dáhùn láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀yin kan lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó dé tí mo fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Yorùbá. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Èmi fúnra mi ti ṣàkíyèsí ohun kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ka òfin ooru kìíní àti ìkejì lédè Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, àṣírí yóò tú pé kò yé e rárá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí mo bá pe ooru, agbára tí ń ti ara ohun gbígbóná lọ sí ara ohun tí kò gbóná tó o ni mo ń sọ. Bí mo bá pe ìwọ̀n ìgbóná, ohun tí tẹmómítà ń kà ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹta iná kan gbóná ju agbada omi híhó lọ lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n agbada ni ó ní ooru tí ó lè bó ènìyàn láwọ̀. Ohun ṣíṣàn ni omi, epo, afẹ́fẹ́ àti gáàsì, ìyẹn gbogbo ohun tí kò ní ìrísí tirẹ̀ bí kò ṣe ti ìkòkò tí ó gbà á. Agbára tí ohun ṣíṣàn fi ń ti ara ìkòkò náà ni èmi yóò máa pè ní ìtì.

Sítíìmù ní Ìkẹjà

Sítíìmù kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ní 1901 ni wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn. Ìkẹjà àti Agége ni ó gbà kọjá. Omi tí a fi iná sè títí ó fi di sítíìmù ni ó ń fa ọkọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dé lẹ́yìn òmìnira, tí Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, tí Dunlop ń ṣe táyà, tí Cadbury sì dó sí Agídíńgbì, sítíìmù kan náà ni gbogbo wọn gbójú lé. Iṣẹ́ wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pọn ọtí, ẹni tí ń ṣe ohun mímu kòkó àti ẹni tí ń se rọ́bà nínú àpótí irin kí ó lè gan di táyà, bọ́ílà ni gbogbo wọn ń dá iná sí.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ sítíìmù? Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Láti mú kílò omi kan láti 30°C dé 100°C, a ó ná ooru tí ó tó kílójúùlù 293. Ṣùgbọ́n láti sọ kílò kan náà di sítíìmù, láìfi ohunkóhun kún ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, a ó ná kílójúùlù 2,257 sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ti àkọ́kọ́. Tẹmómítà dúró gbọin sí 100, iná sì ń jó lọ. Níbo ni ooru náà lọ? Inú sítíìmù ni ó sá pamọ́ sí, níbikíbi tí sítíìmù náà bá sì ti padà di omi ni yóò ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń ro ẹ̀kọ mọ èyí láìsí ìwé. Wọ́n mọ̀ pé èyí tí ń ru jáde lábẹ́ ìdérí ń jóni ju omi inú ìkòkò fúnra rẹ̀ lọ.

Ìtàn pọ́ǹpù kan

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí, ọmọ ẹ̀ka iná mànàmáná, pè mí láti ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè yìí. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá mi sà, pọ́ǹpù wa kan ń dún bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú rẹ̀, a sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta." Mo bi í pé kí ni pọ́ǹpù náà ń fà. Ó ní omi ni. Mo tún bi í pé irú omi wo. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Omi náà ni, sà."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe omi lásán. Sítíìmù tí ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, tí ó sì ti padà di omi, ni wọ́n ń gbà sínú táńkì kan kí pọ́ǹpù lè dá a padà sí bọ́ílà. Ìgbóná rẹ̀ wà ní nǹkan bí 95°C. Táńkì náà jókòó sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, pọ́ǹpù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọdún kejì wà. A ti mọ omi mọ́ híhó ní 100°C, ṣùgbọ́n 100 náà kì í ṣe àṣẹ láti ọ̀run. Omi ń hó nígbà tí ìtì tí ó wà lórí rẹ̀ bá rẹlẹ̀ tó. Omi tí ó wà ní 30°C kò ní hó àyàfi bí ìtì orí rẹ̀ bá já wálẹ̀ dé bí ìdá kan nínú 24 ti afẹ́fẹ́ ayé. Omi tí ó wà ní 95°C ńkọ́? Bí ìtì bá ti wá sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ti afẹ́fẹ́ ayé péré, ó ti hó. Gbogbo pọ́ǹpù tí ń fa omi ni ó sì ń dín ìtì kù ní ẹnu rẹ̀. Bí kò bá dín in kù, omi kò ní wọlé. Bí a bá wọn àyè tí a ní kí omi tó hó, tí a sì sọ ọ́ di gíga omi, omi tútù fún wa ní àyè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá. Omi 95°C kò fún wa ju mítà kan àti díẹ̀ lé ní àbọ̀ lọ. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, asẹ́ tí ó dí díẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ páìpù méjì ti tó láti jẹ gbogbo àyè náà tán.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyí: omi ń hó ní ẹnu pọ́ǹpù, ó ń di ìrùsókè kéékèèké. Bí ìrùsókè náà bá ti wọ inú pọ́ǹpù níbi tí ìtì ti ga, wọn a fọ́ lójijì, omi a sì ya lu irin bí òòlù. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń gbọ́ nìyẹn. Abẹ̀bẹ̀ irin tí wọ́n tú jáde láti inú pọ́ǹpù kejì ti dá lu bí ewé ẹ̀fọ́ tí kòkòrò jẹ. Kí wá ni ọmọ mi onímọ̀ iná ṣe? Ó rí i pé omi kò lọ tó, ó sì fi ẹ̀rọ iná tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i láti máa yí pọ́ǹpù náà kíákíá. Bí pọ́ǹpù ti ń fà gidigidi sí i ni ìtì ẹnu rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ń hó sí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni ó ń dá kún àrùn.

Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n ṣí ẹnu páìpù náà sí gọ́tà. Omi gbígbóná tí wọ́n ti fi kẹ́míkà tọ́jú ń ṣàn lọ, bọ́ílà sì ń gba omi tútù 30°C. Ẹ tún wo ìṣirò. Ní bọ́ílà tí ìtì inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ ti afẹ́fẹ́ ayé, láti sọ kílò omi 30°C kan di sítíìmù ń ná wa ní nǹkan bí kílójúùlù 2,640. Bí omi náà bá ti wọlé ní 95°C, a ó ti jèrè 270 nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá epo wọn ni wọ́n ń dà sí gọ́tà ní ojoojúmọ́, ní ìlú tí ọ̀wọ́n epo ti ń lé ilé-iṣẹ́ kúrò.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Bọ́ílà. Ó ti ń ṣọ́ iná náà kí ọmọ mi tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó sún mọ́ wa, ó ní, "Ẹnjiníà, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kì í pariwo o. Ó di ìgbà tí omi bá gbóná." Gbogbo ìdáhùn ni bàbá yìí ti ní lọ́wọ́. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún wọn. Ó ní kò sí ẹni tí ó bi òun.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ mi nìkan. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà, ọmọ ẹ̀ka ọ̀nà àti afárá, ni ó fi táńkì sórí ilẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé omi inú rẹ̀ yóò gbóná, bí wọ́n bá sì sọ fún un pàápàá, kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì. Mo kọ́ wọn ní ìlà ìṣirò tí a fi ń wá ìtì tí omi fi ń hó, wọ́n sì gba máàkì lórí rẹ̀. N kò fi ọjọ́ kan mú wọn lọ wo pọ́ǹpù. Wọ́n gbé táńkì náà sórí ẹsẹ̀ irin tí ó ga ní mítà mẹ́ta, wọ́n sì fi páìpù tí ó fẹ̀ rọ́pò èyí tí ó wà. Ariwo náà dákẹ́.

Ààmù, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìgbèríko mọ ààmù, ìkòkò amọ̀ tí omi inú rẹ̀ máa ń tutù láìsí iná. Omi ń yọ́ jáde lára amọ̀, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, kílò kan tí ó bá sì gbẹ ń kó ooru tí ó lé ní kílójúùlù 2,400 lọ. Ìlànà yìí ni olùkọ́ kan láti ìlú Òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, lò ní Jígáwá. Ó fi ìkòkò kan sínú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìkòkò méjì náà wá sí Ìkẹjà ní oṣù Júláì, ẹ ó rí i pé kò ní tutù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tiwa ti mu omi yó.

Àwọn ilé gogoro tí ẹ ń rí lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ wa, tí omi ń dà wálẹ̀ nínú wọn bí òjò, ààmù ńlá ni wọ́n. Wọn kò lè mú omi tutù kọjá ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ gbà wọ́n láyè dé, ìyẹn ní Èkó sì wà ní nǹkan bí 25°C ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ojú ọjọ́ ìlú òtútù ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò kábàámọ̀.

Ní ti ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, mo máa ń bi yín ní ìdánwò pé: bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ nínú yàrá tí a tì pa, ṣé yàrá náà yóò tutù? Ọ̀pọ̀ ń kọ bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá náà yóò gbóná sí i ni. Fíríìjì kì í dá òtútù. Ooru ni ó ń rù láti inú lọ sí ẹ̀yìn, gbogbo iná tí ó sì jẹ láti fi rù ú, ooru náà ni yóò dà. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà rí. Iná tí ó bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ni ó ń padà di ooru, ìbáà ṣe ìṣirò owó ìfowópamọ́ ni ó ń ṣe tàbí ó ń fi àwòrán hàn. Ẹ lọ sí ilé ìkó-kọ̀ǹpútà-pọ̀ tí a ń pè ní Rack Centre ní Oregun, tí ó ti wà láti 2013, tàbí kí ẹ kàn wọ ṣọ́ọ̀bù híhá kan ní Computer Village ní ọ̀sán. Yàrá tí kọ̀ǹpútà ń jẹ iná kílówáàtì 10 nínú rẹ̀ yóò fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí ó lè lé kílówáàtì 10 jáde, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ bíi mẹ́ta. Ẹni tí kò ka mẹ́ta yìí mọ́ ọn ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń kú ní ọjọ́ kẹta.

Páìpù àti jẹnẹrétọ̀

Lórí páìpù, n kò ní pẹ́. Bí omi kan náà bá gba páìpù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti ìṣáájú, ìtì tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà yóò di nǹkan bí ìlọ́po 32. Ẹ̀yin onílé GRA tí ẹ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, tí ẹ wá fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ dín owó kù, ọdọọdún ni ẹ ń san owó náà padà fún oníná. Ìlànà kan náà ni ó wà ní Ìjù àti Adíyàn, níbi tí wọ́n ti ń fa omi odò Ògùn láti Akute. Ìgbà tí iná ìjọba kò tó ni wọ́n kọ́ ilé agbára iná sí Akute kí pọ́ǹpù má baà dákẹ́. Omi Èkó, ọ̀rọ̀ iná ni.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Lítà dísù kan ní ooru tí ó tó yúníìtì iná mẹ́wàá nínú. Jẹnẹrétọ̀ tí ó dára yóò fún wa ní mẹ́ta sí mẹ́rin nínú rẹ̀. Ìyókù bá èéfín àti omi rédíétọ̀ lọ. Èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ẹni tí ó ṣe é. Ní 1824 ni Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ gbogbo ooru di iṣẹ́. Bí a bá mú ooru ní 540°C tí a sì dà á nù ní 30°C, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí, ẹ̀rọ gidi kì í sì í dé ibẹ̀. Ilé iná Ẹ̀gbìn, oníẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, ń da ooru sínú ọ̀sà ju iná tí ó ń fún wa lọ.

Ṣùgbọ́n ooru tí ó bá èéfín lọ kò di ohun ìdànù dandan. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń jó gáàsì láti fi ṣe iná, tí ó tún ń jó òmíràn lábẹ́ bọ́ílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè fi èéfín ti àkọ́kọ́ se omi ti ìkejì. Oníná ni ó ń ra jẹnẹrétọ̀, oníbọ́ílà ni ó ń ra bọ́ílà, wọn kì í sì í jókòó sórí tábìlì kan. Ní 2008 ni Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, ọ̀wọ́n iná àti epo sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí, pẹ̀lú táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun. N kò sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún kejì ni ìbá gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n ní April 2024, nígbà tí owó yúníìtì iná àwọn oníbàárà Band A fò sí náírà 225, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mélòó ni ó mọ iye ooru tí ń gba òrùlé rẹ̀ jáde?

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń dá a lábàá pé kí a yọ ẹ̀kọ́ yìí kúrò fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka Mẹkáníkà. N kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo gbà pé bí a ti ń kọ́ ọ kò dára. Olórí Ẹ̀ka, ìdajì àwọn ìlà ìṣirò tí à ń kọ sójú pátákó ni a lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mẹkáníkà. Kí a fi àkókò náà kó oníná, ọlọ́nà àti oníkọ̀ǹpútà jọ sí ẹgbẹ́ kan, kí a mú wọn lọ sí ilé bọ́ílà kan ní agbègbè yìí pẹ̀lú tẹmómítà, kí wọ́n sì padà wá sọ fún wa ibi tí ooru ń gbà lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju pé kí ẹ ṣí géètì fún wọn.

Bàbá Bọ́ílà ti fẹ̀yìn tì báyìí, Agége ni ó ń gbé. Ó ti gbà láti wá bá àwọn ọmọ ọdún kejì sọ̀rọ̀ ní sáà tí ń bọ̀. Mo ní kí ó bá mi mú abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù tí ó dá lu náà wá, nítorí mo mọ̀ pé òun ni ó gbé e lọ sílé. Ó ní òun yóò mú un wá, ṣùgbọ́n kí n má ṣe pẹ́ dá a padà, nítorí pé òun ni òun fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a.